Oorun Tí Màmá Sùn Lórúkọ Mi

Ẹ̀gbà ọwọ́ mi wà lọ́rùn ọwọ́ Màmá, Màmá wà lórí àga gbọọrọ, wọ́n ń hanrun. Èmi jókòó sábẹ́ fèrèsé, mò ń kàwé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ìjọba léèrè, èmi ni mò ń sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá tíì fi àárọ̀ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, kó fi ìrọ̀lẹ́ jókòó ní kíláàsì, kí ìdánwò tó ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan sì tún dúró dè é níwájú, kó má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọkàn-àti-Ẹ̀jẹ̀ ni orúkọ ìdánwò náà. Máàkì méjì péré ló fi jù mí sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Òkè-Àrìnjó, ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú iṣẹ́ kan náà, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ibùdó ọkọ̀ orí okùn, wọ́n á sì kí i pé ó dàbọ̀.

Wàláà mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti pa ojú dé. Ohun tó kọ síbẹ̀ gàdàgbà ni: MOSÚNMỌ́LÁ Ń SÙN. Ẹ PADÀ WÁ NÍ AAGO MẸ́TA. Bí ẹ̀gbà bá ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kan sùn, wàláà rẹ̀ kì í ṣí, ìbáà jẹ́ ọba ló fẹ́ ka nǹkan nínú rẹ̀. Ìwé bébà ni mò ń kà ní tèmi. Màmá fúnra wọn ló fi ọwọ́ kọ ọ́ nígbà tí àwọn náà wà nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi epo wa ọkọ̀. Òórùn káńfọ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ̀gbà kò mọ bébà, bébà kò mọ ẹ̀gbà, inú mi sì dùn bẹ́ẹ̀.

Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé, ní ìsàlẹ̀ òkè, torí ilé-ẹ̀kọ́ kò jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo sunkún délé ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbà bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màmá, wọ́n tún ti lẹ òfin náà mọ́ gbogbo ògiri. Ojú tó ń tòògbé kì í di abẹ́rẹ́ mú. Wákàtí méje lóòjọ́, kí wákàtí kan nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀sán, fún ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko. Tí kò bá pé, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò ò ní ṣí. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kàwé?"

Màmá gbé ojú sókè níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. "Oorun? Ṣé oorun lásán ni wọ́n ní kí o mú wá?"

"Oorun ni, mà."

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún? Ta ló ní oorun tó mi nílé yìí? Nígbà tiwa, ẹnì kan á dá nìkan wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ogójì aláìsàn, á sì ṣọ́ wọn mọ́jú. Oorun tí mi ò sùn nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn ún. Gbé ẹ̀gbà tó ń ka oorun yẹn wá."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbà máa ń tú fúnra rẹ̀ tí èèyàn bá fẹ́ fọwọ́, torí nọ́ọ̀sì kì í fọwọ́ tòun ti nǹkan lọ́rùn ọwọ́. Ìṣẹ́jú kan ló ń fún ni. Tí a bá tún un dè, á tọ́ òógùn ara wò kó lè mọ̀ pé olówó òun ni. Káṣìmáawò, ọmọ kíláàsì mi, gbé tirẹ̀ wọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbà fi igbe bọnu bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, gbogbo ilé jí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Màmá ló wà lára mi. Ẹ̀gbà tọ́ wọn wò, ó rò ó díẹ̀, ó dákẹ́.

Aago mẹ́ta lù. Ẹ̀gbà dún wíníwíní, Màmá la ojú.

"O kú oorun o, Àwẹ̀ró," ni wọ́n wí. Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. "Ṣé mo sùn dáadáa fún ọ?"

"Ẹ hanrun, mà. Ẹ máa dín in kù, wọ́n á ní èmi ni mò ń hanrun."

"Híhanrun wà lára oorun. Mi ò lè ṣe ààbọ̀ iṣẹ́." Wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n gba ẹ̀gbà mi. "Àlá kan wá o, mo lá a fún ọ. Ẹ̀bà ni, pẹ̀lú ẹja."

Ọjọ́ méjìlá la fi ṣe é báyẹn. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ yìí: ọjọ́ méjìlá tí mo gbádùn jù nílé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Màmá á máa hanrun, atẹ́gùn á máa gba orí páànù tó ń mu oòrùn kọjá, èmi á máa ka ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n kéré sí mi báyìí. Wọ́n ya ọkàn síbẹ̀ pẹ̀lú yàrá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn. Ohun tí mi ò lóye lórí wàláà fún odidi ọdún kan, ó yé mi níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá, mo wọ ọkọ̀ orí okùn lọ sókè, mo tò síwájú Má-tàn-mí.

Ó ní orúkọ tí ìjọba sọ ọ́, ṣùgbọ́n Má-tàn-mí ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Òpó kan ni, ó ga tó èèyàn, ó dúró lẹ́nu géètì. A máa ń na ẹ̀gbà wa sí i ká tó wọlé, á sì sọ bí oorun wa ṣe rí. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ àṣírí. Ohùn rẹ̀ lè dé ọjà.

"Káṣìmáawò Ọlátẹ́jú," ó wí fún ẹni tó wà níwájú mi, "o sùn wákàtí mẹ́fà àti àádọ́ta ìṣẹ́jú. Fi mẹ́wàá kún un lónìí."

"A ti gbọ́, bàbá," ni Káṣìmáawò dáhùn. Kò lè má fèsì. Tí ẹ bá gbé òkúta síwájú ọmọ yẹn, á bá a tàkúrọ̀sọ.

Ó kàn mí. Mo na ọwọ́.

"Mosúnmọ́lá Adébímpé. Oorun rẹ pé. Ọkàn rẹ ń lù ségesège lọ́sàn-án. Mo ti ṣọ́ ọ fún ọjọ́ méjìlá. Lọ rí dókítà lónìí."

Ariwo sọ lẹ́yìn mi. Káṣìmáawò di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lọ́sàn-án nìkan! Mosúnmọ́lá, ta lò ń lá àlá rẹ̀ lọ́sàn-án tí ọkàn rẹ ń fò sókè? Dárúkọ rẹ̀ ká lọ kí i."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀rín náà wọ inú ọgbà, mo jókòó sórí àga ìta, mo ṣí wàláà mi. Má-tàn-mí ti fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ti òru tẹ́jú, ó ń lọ ní dọ́gbadọ́gba, èmi ni mo ni ín. Ti ọ̀sán ló burú: ó lù mẹ́ta, ó fo ọ̀kan, ó tún sáré lu méjì pọ̀, kò sí ìgbésẹ̀ méjì tó jọra. Mo ti rí i rí. Ojú ewé kejìdínlógójì nínú ìwé bébà ni, Màmá fi gègé aláwọ̀ búlúù yà á.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Lọ́sàn-án, ọkàn tèmi kọ́ ló wà nínú ẹ̀gbà yẹn.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ìdí gan-an nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń jókòó nídìí tábìlì ilé ìtọ́jú ọkàn. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún àwọn àgbà pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún òní." Àgbà tí kò gba ẹ̀gbà ìjọba wọ̀, bíi Màmá, ìlà rẹ̀ nìyẹn. Tó bá sì wá dé níwájú dókítà, irú lílù yìí lè fara pamọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n ní ara rẹ̀ le. Ẹni tó bá gbé àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá dání nìkan ni wọ́n ń rí lójú ẹsẹ̀. Màmá ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ méjìlá. Orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó lè yí i padà sí orúkọ wọn, mo ní láti sọ bó ṣe débẹ̀. Ẹni tó bá sì tan ẹ̀gbà, kò ní wọ gbọ̀ngàn.

Ìdánwò di ọ̀la.

Mo sọ fún wọn ní wọ́ọ̀dù pé ara mi ò yá, irọ́ sì kọ́ nìyẹn. Mo padà sílé. Màmá ti tẹ́ ìrọ̀rí sórí àga gbọọrọ, wọ́n ń dúró de iṣẹ́.

"O tètè dé lónìí. Ẹ̀gbà dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín ná, Màmá."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ ti àga, mo gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ wọn bí ìwé ṣe wí. Mo kà á. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, lẹ́yìn náà òfìfo. Lẹ́yìn náà méjì tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Màmá rọra gba ọwọ́ wọn. "O ti mọ̀ ọ́n kà," ni wọ́n wí.

Ohùn wọn ló tú wọn fó. Kò sí ìyàlẹ́nu nínú rẹ̀.

"Háà! Màmá, ẹ ti mọ̀!"

"Láti ìgbà ọyẹ́. Ogójì ọdún ni mo fi ka tẹlòmíràn, ṣé tèmi ni mi ò ní mọ̀?"

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni!"

"Ta ni kí n sọ fún? Ìwọ tó ń kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé? Mo ní kí o ṣe ìdánwò rẹ tán ná. Ọ̀la ni, àbí? Ohun tó ti wà lára mi láti ìgbà ọyẹ́, ṣé ọ̀la ló máa wá pa mí? Gbé ẹ̀gbà wá, Àwẹ̀ró. Oorun ti ń kùn mí."

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo dìde dúró. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ lé inú bíbí: ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Ọ̀la péré. Kí n wọlé láàárọ̀, kí n jáde lọ́sàn-án, kí n wá sáré lọ jẹ́wọ́. Wọn ì bá ti ka ìwé mi sí kí wọ́n tó mọ̀. Ta ló máa kú láàrin òní sí ọ̀la? Mo mú ìwé bébà, mo ṣí i sí ojú ewé kejìdínlógójì, mo ń wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó lè dúró di ọ̀la. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìwé ni mo fẹ́ kó bá mi parọ́.

Kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé náà, tí mo ti ń fò kọjá láti ọjọ́ yìí torí kò jọ ohun tí wọ́n lè béèrè nínú ìdánwò, ni ìlà kan ṣoṣo. Mo kà á sókè.

"Ohun tí ọwọ́ rẹ bá bá lára aláìsàn, sọ ọ́ kí o tó jókòó."

Màmá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. "Ta ló kọ ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ọwọ́ yín nìyí."

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọmọ ogún ọdún," ni wọ́n wí nígbà tó yá, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé ọmọ ogún ọdún ló máa wá dá mi lẹ́jọ́. Lọ bá mi mú ìborùn mi. Má mú èyí tó ti ṣá yẹn o, ilé-ẹ̀kọ́ là ń lọ."

Nínú ọkọ̀ orí okùn, Màmá di ọwọ́ mi mú títí a fi gun òkè. Wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó wọlé. Èmi ò lè kí ẹnikẹ́ni.

Métírọ̀n Òjédìran ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Wọn kì í pariwo. À bá fẹ́ kí wọ́n máa pariwo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ìdúró: ẹ̀gbà, àga gbọọrọ, ìwé bébà, ọjọ́ méjìlá. Mo gbé àwòrán ọ̀sán sórí tábìlì wọn. Màmá ti jókòó sórí àga àlejò, wọ́n sì já lu ọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo wọ̀ ọ́ o. Bí ẹ bá fẹ́ fìyà jẹni, èmi nìyí. Mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ ò lè gba iṣẹ́ mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná." Métírọ̀n yíjú sí mi. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọkàn tìẹ?"

"Ti òru lọ dọ́gba, mà, òru ni ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ mi. Mo sì fi ìka kà á lọ́wọ́ Màmá. Ó ń fò, ó ń sáré, kò ní ètò kankan."

"Kí lewu rẹ̀?"

"Yàrá òkè nínú ọkàn kò tú ẹ̀jẹ̀ jáde tán. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró síbẹ̀ lè dì. Tó bá gbéra lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ni."

"Kí ni nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ ṣe?"

"Á sọ ọ́, mà. Kó tó jókòó."

Métírọ̀n wo àga tó ṣófo lẹ́yìn mi, wọ́n tún wò mí. Wọ́n fi ìka kan tẹ tábìlì. Mo rí i bí orúkọ mi ṣe kúrò lórí àwòrán náà, tí orúkọ Màmá sì bọ́ sípò rẹ̀. Wọ́n pe ilé ìtọ́jú ọkàn, wọ́n ní kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wá gbé aláìsàn kan ní ọ́fíìsì àwọn nísinsìnyí.

"Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ò ní ṣí fún ọ lọ́la," ni Métírọ̀n wí.

"Mo mọ̀, mà."

"Wọn ò ní kà á pé o ṣubú, torí o ò wọlé. Wàá ṣe é ní oṣù mẹ́fà òní, ìwọ àti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Bó o bá tún tan ẹ̀gbà, ó di ibùdó ọkọ̀ orí okùn." Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga wọn. "Mosúnmọ́lá, nígbà tí ẹrù yìí ń wúwo, kí ló dé tó ò wá bá mi? Ṣé ẹni tó ru ẹrù kì í ní kí wọ́n bá òun sọ̀ ọ́ ni?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè wá sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún méjì tí mo ti wà níbẹ̀, mo rò pé gbogbo àwọn yòókù ló ń ru tiwọn láìmí.

"Mo máa mú àárọ̀ kan kúrò nínú mẹ́ta rẹ. Ó ku ìyà. Fún oṣù mẹ́fà, lójoojúmọ́, ní aago méjì ọ̀sán, wàá sùn fún wákàtí kan níbi tí ojú nọ́ọ̀sì kan á ti máa tó ọ."

"Kí n sùn, mà?"

"Kí o sùn. Ìyà rẹ nìyẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Màmá lórí àga.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ní aago méjì ọ̀sán, Màmá wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọ́ọ̀dù, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti wà lára wọn. Wọ́n ti gbà láti wọ ẹ̀gbà, wọ́n sì ń bá a jà láti àárọ̀. "Nǹkan yìí ní mo sùn jù. Ṣé òun ló bí mi?" Métírọ̀n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ọ̀sì tí ojú rẹ̀ á máa tó mi ni Màmá, torí kò sí ibi tí òfin ti sọ pé ẹni tó fẹ̀yìn tì kì í ṣe nọ́ọ̀sì mọ́. Wọ́n gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn fún mi. Láti ojú fèrèsé, mo ń rí òrùlé gbọ̀ngàn. Gbogbo kíláàsì mi wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó dùn mí. Kí n má díbọ́n. Ó dùn mí débi tí mo fi yí ojú kúrò.

"Gbé orí lé ibí," ni Màmá wí, wọ́n fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. "Ó ti tó ọjọ́ méjìlá tí mo ti ń bá ọ ṣe iṣẹ́ rẹ. Ó kàn ọ́."

Mo gbé orí lé e. Wọ́n gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ mi, lókè ẹ̀gbà, bí ẹni tí kò fọkàn tán ẹ̀gbà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kà á jẹ́jẹ́.

Ẹsẹ̀ kan sáré wọ wọ́ọ̀dù. Káṣìmáawò ni, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Màmá, ẹ kú ọ̀sán, mà. Ṣé ó ti sùn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jí i. Ìbéèrè kẹta! Arúgbó kan, ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, kí lewu rẹ̀, kí ni nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ ṣe? Ogún máàkì! Ìdajì wa ni kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí n wá bi í ohun tí òun ì bá kọ."

"Má jí i," ni Màmá wí. "Ó ti dáhùn ìyẹn lánàá."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò la ojú. Ẹ̀rín ń ta mí lẹ́nu, ẹ̀gbà sì dún wíníwíní lẹ́ẹ̀kan láti fi sọ fún gbogbo wọ́ọ̀dù pé mi ò tíì sùn. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá kíkà wọn lọ. Kí wọ́n tó dé ogójì, mo ti sùn lọ lóòótọ́.